Ìwọ̀n Ọta Lyle

Lọ́jọ́ tí Signe kọ́kọ́ rí Lyle ní pápá tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò ní Montana, orí ọta ti há sínú ìbọn ọmọkùnrin náà. Ó to ọta náà fúnra rẹ̀, kò tẹ orí rẹ̀ wọnú ìkaraun tó. Signe bá a fi ọ̀pá tì í jáde.

"Ṣé ojú lo fi ń wọn ọta ni?"

"Ojú ni. Òun náà ló sì jẹ́ kí n rí ẹ."

Signe fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. Kí oṣù náà tó parí, ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára.

Ṣùgbọ́n Orval, bàbá Signe, wà nílé. Ọdẹ àgbà ni. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló ti ń sọ pé ojú òun ti fọ́, òun ò lè ka irin ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ gígùn ọta mọ́. Signe ló ń to ọta ìbọn rẹ̀ tí àwọn ẹbí fi ń ṣọdẹ, òun ló ń dáná, òun ló ń mú un lọ́wọ́ kiri. Bó bá ní òun fẹ́ jáde, bàbá á ní kò burú, òun á máa fọwọ́ wá ọ̀nà kiri. Àwọn ẹbí ní ọmọ tó bá fi afọ́jú sílẹ̀ kì í ṣe ọmọ gidi. Signe fẹ́ràn bàbá rẹ̀, ìfẹ́ náà sì ń fún un lọ́rùn.

Nígbà tó yá, Lyle ríṣẹ́ sí Alaska, ibi tó jìnnà réré.

"Ìfẹ́ mi, bá mi lọ."

Signe ní òun ò lè lọ. Ó ní òun á kúkú to ọta fún un, kó rí nǹkan mú dání.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò náà, ó jókòó ti ẹ̀rọ tó fi ń to ọta. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti lọ jìnnà. Orval jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó ń mu kọfí. Signe fi irin ìwọ̀n gbá ọta kan mú. Kò ka nọ́ńbà rẹ̀ jáde.

"Ó gùn jù," ni Orval wí. "Ìwọ̀n ìbọn tèmi lo fi sí i. Ìbọn Lyle lè bú gbàù mọ́ ọn lójú."

Ọwọ́ Signe dúró. Nọ́ńbà ara irin náà kéré ju èèrà lọ.

"Bàbá, ẹ ríran."

Orval gbé ife sílẹ̀. "Mo ríran. Ìyá ẹ lọ. Mo rò pé bí ìwọ náà bá lọ, ilé yìí á gbé mi mì."

Inú bí Signe gan-an. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi di ọkùnrin tó ríran lọ́wọ́ mú. Síbẹ̀, ó mọ̀ pé ká ní bàbá panu mọ́ ni, àṣírí ò ní tú láé, Lyle ìbá sì ti fi ọta náà yìnbọn. Ó tún ẹ̀rọ náà ṣe, ó ń tẹ àwọn ọta náà wọlé sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Orval ń bá a wọ̀n wọ́n.

"Ṣé kí n dúró tì yín títí yìnyín ìgbà òtútù yìí á fi yọ́?" ni Signe bi í, omi lójú rẹ̀.

"Máa lọ, ọmọ mi," ni Orval dáhùn. "Bí o bá dúró, ojú mi á tún fọ́."