Obìnrin Tó Bá Wa Ti Fọ́kísì

Lọ́dún 1988, nígbà tí ìrìn-àjò wa sí Ògbómọ̀ṣọ́ ku ọjọ́ mẹ́ta, ni Asiyah ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ba lẹ́nu ọ̀nà, tí ó ń ti àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún méjì ni. Kò sí ohun tí í mú un dúró lójú kan, ṣùgbọ́n bí ó bá ti tẹ̀ ba báyìí, kò ní mira mọ́. Nígbà mìíràn á rẹ́rìn-ín, á sì juwọ́ sí ojú ọ̀nà tí n kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Àlejò ló ń pè," ni Ìyá Mìkáílù wí. Yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tiwa nínú ilé tí a háyà sí l'Ọ́yọ̀ọ́, lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán. "Ọmọ kì í wo ẹ̀yìn báyẹn lásán. Ìyá Asiyah, fi oúnjẹ sílẹ̀ o."

Mo fi í rẹ́rìn-ín. Àlejò kọ́ ló wà lọ́kàn mi, èmi gan-an ni mò ń lọ ṣe àlejò nílé bàbá tó bí mi. Ọdún mẹ́rin ni Bàbá kò ti bá mi sọ̀rọ̀. Káfíńtà ni, àgbà ìjọ Aládùúrà sì ni. Ó ní Rúùtù ọmọ òun kò ní fẹ́ Mùsùlùmí. Mo fẹ́ Kabir. Bàbá sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ìyá mi ìbá bá mi bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bí mi ló kú. N kò rí àwòrán rẹ̀ rí, Bàbá kì í sì í dárúkọ rẹ̀.

Ní báyìí, Kabir ti ra Fọ́kísì àlòkù kan, ó sì ti ti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rẹ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ kan. "Jẹ́ ká gbé ọmọ lọ bá wọn," ó ní. "Bí wọ́n bá lé wa, ṣebí a ó kàn yí mọ́tò padà ni." Ó ń fi ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́. Bí Bàbá bá lé ọmọ náà lójú mi, n kò mọ̀ bóyá mo lè tún padà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láyé mi.

Ẹni tó bá ti di ẹrù ìrìn-àjò rí níbi tí ọmọ ọdún méjì wà ló mọ ohun tí ojú mi rí láàárọ̀ Sátidé tí a ń lọ. Bí mo bá fi aṣọ sínú báàgì, Asiyah á yọ ọ́, á fi ìgbákọ sí i. Mo yọ ìgbákọ, ó ju ẹsẹ̀ bàtà bàbá rẹ̀ kan síbẹ̀. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí Kabir rán fún Bàbá, ó fi nu ẹ̀kọ kúrò lẹ́nu. Kabir ti lọ ra epo mọ́tò. Ìdí ṣẹ́ẹ̀tì yìí ni mo wà, mò ń fọ̀ ọ́, mò ń ráhùn, nígbà tí obìnrin kan wọlé.

Kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Àdìrẹ tó ti ṣá ló wọ̀, òórùn pákó tútù sì ń ti ara rẹ̀ jáde, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la igi nítòsí. Asiyah, tí í ké bí ó bá rí àjèjì, sáré lọ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Mo rò pé àbúrò Ìyá Mìkáílù ni, nítorí ó ti ń retí àbúrò rẹ̀ kan láti Ìṣẹ́yìn. Mo bu omi fún un. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé a kì í bi àlejò pé ta ni kí ó tó mumi. Ó gba omi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láìfi kan ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ṣe ráyè bi í.

"O ò ṣe bá mi mú ọmọ yìí dání," mo ní. "Pó ìgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, bá mi fọ òun náà."

Ó fọ̀ ọ́ dán. Nígbà tó ká ọwọ́ aṣọ, mo rí àpá iná róbótó kan lọ́rùn ọwọ́ òsì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé Asiyah lé itan, ó rọra fa etí ọ̀tún ọmọ náà, ó sì sọ nǹkan kan sí i létí.

"Kí lẹ̀ ń sọ?" mo béèrè.

"Ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ni," ó wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Mo padà sídìí báàgì mi.

Nígbà tí a dẹ́rù tán, Fọ́kísì kò jí. Kabir jókòó sídìí ọkọ̀, èmi àti Ìyá Mìkáílù ń tì í, a làágùn yọ̀bọ̀, kò mira. Obìnrin náà gbé Asiyah fún mi, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo kan mọ́tò náà lẹ́yìn. Mọ́tò fò síwájú, ó dún! Mo sá tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọmọ lápá, mo já wọlé, nítorí Kabir kò gbọdọ̀ dúró kó má tún kú.

Mo bojú wẹ̀yìn láti dúpẹ́. Ìyá Mìkáílù nìkan ló dúró níbẹ̀, ó ń jó. "Ìyá Asiyah, àbúrò rẹ lágbára o!" ó kígbe. "Ó jọ ọ́ bí ìmumu!"

Èmi kò ní àbúrò kankan. Mo yíjú sí ọkọ mi. "Ṣé ẹ rí obìnrin tó bá wa ti mọ́tò?"

"Obìnrin wo?" ni Kabir wí. "Ẹ̀yin méjì ni mo rí nínú dígí."

Asiyah ń ṣe bábáì sí ojú fèrèsé ẹ̀yìn títí a fi kọjá Odò Ọbà.

Bàbá wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítòsí Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń fá pákó. Kabir dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó ká fìlà mọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá." Kò gbójú sókè. Ìfági rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló sọ̀rọ̀. Omi lé sí mi lójú. Mo fẹ́ dìde kí n máa lọ, ṣùgbọ́n Asiyah ti já mọ́ mi lọ́wọ́. Ó gun àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbà, ó fa etí ọ̀tún rẹ̀.

"Adákẹ́ mi," ó wí ketekete, "rẹ́rìn-ín."

Ọmọ tí kò tí ì lè sọ ju "omi" àti "bábáì" lọ! Ìfági bọ́ lọ́wọ́ Bàbá.

"Ta ló kọ́ ọ?" ó béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹnìkan ṣoṣo ló pè mí bẹ́ẹ̀ rí, nínú yàrá, bí inú bá ń bí mi. Etí yìí náà ló máa ń fà."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn obìnrin náà fún un. Kò jẹ́ kí n dé ìdajì.

"Àpá wà lọ́rùn ọwọ́ òsì rẹ̀," ó ní. "Gúlù gbígbóná tí mo fi ń lẹ pákó ló ta sí i níhìn-ín, lọ́sẹ̀ tí mo gbé e níyàwó. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó bí ọ, Rúùtù."

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí lọ́jọ́ náà. Mo ti dàgbà ju ìyá mi lọ.

"Kí lo fi ṣe é lálejò?" ni Bàbá bi mí.

"Mo ní kó fọ pó ọmọ," mo wí, mo sì bú sẹ́kún.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bàbá, ẹ̀rín ńlá tí n kò gbọ́ rí láti kékeré, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ pẹ̀lú. "Má sunkún," ó ní. "Jẹ́ kó fọ̀ ọ́. Ikú kò jẹ́ kó fọ tìrẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ó gbé Asiyah lé èjìká, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà. Kabir rí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀.

"Dìde, àna mi," ni Bàbá wí. "Wọlé wá jẹun. Ìyàwó mi ti ṣáájú mi lọ kí yín nílé, ta ni mo tún fẹ́ máa bá bínú?"