Ọ̀gá Tó Rọ Ọtí fún Namgil

Bí ènìyàn bá di ọ̀gá, kì í pẹ́ gbàgbé pé òun náà ní Ọ̀gá lókè. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Pyo rí ní Ulsan, ìlú etí òkun kan nílẹ̀ òkèèrè, níbi tó ti ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń gé irin fún àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi.

Pyo kì í ṣe ahun rárá. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí iṣẹ́ bá ti parí, òun ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé oúnjẹ, òun ló ń ra ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń yan lórí tábìlì, òun náà ló sì ń ra ọtí sójù. Àṣà wọn ni pé ọ̀gá á mu ife tirẹ̀ gbẹ, á na ife yẹn sí ọmọ iṣẹ́, á sì rọ ọtí sí i. Ọwọ́ méjèèjì lọmọ iṣẹ́ fi ń gbà á, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì gbé e mì. Ta ló jẹ́ kọ ife ọ̀gá? Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti wọ́ ọ̀gá nílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

Namgil ló ń wa ẹ̀rọ ńlá tó ń gé irin. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, àmọ́ ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́. Sunrye ìyàwó rẹ̀ ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tí ọtí ti di bárakú fún. Nígbà tó padà dé, ó yọ́ wọ ọ́fíìsì Pyo, ó tẹrí ba, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ yọ òun nínú jíjáde ọjọ́ Jímọ̀, pé dókítà ní ife kan péré ti tó láti dá òun padà sínú kòtò.

Pyo rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lo máa kọ́kọ́ mutí láyé ni? Ọkùnrin tí ò lè mu ife kan kó fi í sílẹ̀, ṣé ọkùnrin nìyẹn?"

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ dé, ó fi dandan mú un lọ. Ó mu ife tirẹ̀ gbẹ níwájú gbogbo wọn, ó nà án sí Namgil. Namgil wò yí ká, kò rí ẹni tó máa gbà á sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mu ún. Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́ fún un. Áà, ìpàtẹ́wọ́ burúkú gbáà!

Láti ọjọ́ náà ni Namgil ti ń gbé òórùn ọtí wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kùtù. Pyo bú u títí, kò gbọ́. Ó gé owó oṣù rẹ̀, pàbó ló já sí. Ó mú un búra níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó búra, ó tún mu. Apá ò ká a mọ́.

Bang, ọ̀rẹ́ Pyo, ló ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Onígbàgbọ́ ni. Ọ̀sán ló ń se àsè fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ọtí kì í sì í sí níbẹ̀, omi ọsàn ni wọ́n ń mu, ìdí nìyí tí Pyo fi ń pè é ní Ọ̀gá Olómi-Ọsàn. Bang gbà á nímọ̀ràn pé kó yọ Namgil kúrò nídìí ẹ̀rọ, kó dá a padà sílé ìwòsàn láìgba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì gbé ọtí kúrò lórí tábìlì fún gbogbo wọn, bẹ̀rẹ̀ látorí Pyo fúnra rẹ̀.

"Èmi kẹ̀? Ṣé èmi ni mò ń ṣàìsàn ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ká wò ó."

Pyo gbìyànjú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ò tíì dé ìdajì tó ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ara rẹ̀ mọ́ ọ́fíìsì kó lè mu. Ẹ̀rù bà á gan-an, àmọ́ ìtìjú ò jẹ́ kó sọ ọ́. Báwo lẹni tí odò ń gbé lọ ṣe fẹ́ yọ ẹlòmíràn? Ó fi Namgil sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀rọ náà gé ọwọ́ ọ̀tún Namgil. Kò ku ìka kan níbẹ̀.

Pyo ra èso, ó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Sunrye pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà ò pariwo.

"Ọ̀gá, ẹ máa gbé e padà. Èyí tẹ́ ẹ ti fún ọkọ mi tó."

Pyo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níta yàrá náà, ibẹ̀ ni Bang bá a.

"Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà," ni Pyo wí. "Mo fẹ́ fi ọtí sílẹ̀, mi ò lè. Kí ló tún kù tí mo lè ṣe?"

"Kò sí, ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni Jésù ti bá èmi náà pàdé. Kì í ṣe ẹni tó mu ọtí nìkan ni Ọlọ́run máa bi léèrè. Á bi ẹni tó rọ ọ́ fún un. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ Ọmọ rẹ̀ tó láti wẹ̀ yín mọ́."

Pyo kúnlẹ̀ níbẹ̀, níṣojú àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn aláìsàn tó ń kọjá. Ó sunkún bí ọmọdé. Kò lè gbàdúrà gígùn, ohun tó ń wí ṣáá ni pé, "Olúwa, apá mi ò ká a."

Olúwa gbọ́. Pyo jẹ́wọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé ọ̀mùtí lòun, ó sì lọ gba ìtọ́jú. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá mutí ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ, títí kan ọ̀gá. Ẹni tó bá sì ní òun ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, iṣẹ́ rẹ̀ á máa dúró dè é. Àwọn kan fi í ṣẹ̀sín. Kò ka èyí sí.

Namgil ńkọ́? Namgil ṣì ń mutí. Ọwọ́ òsì ló fi ń mu ún báyìí. Pyo ń lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Nígbà míì Sunrye á ṣí i, nígbà míì kò ní ṣí i. Pyo á dúró gbàdúrà níta, á sì máa lọ sílé. Ó ti rí ìdáríjì gbà, síbẹ̀ kò lè dá ìka kan padà.

Ìwọ tí ò ń ka èyí ńkọ́? Bóyá o ní ọmọ iṣẹ́, o sì ń fún un lọ́tí tàbí igbó kó lè lágbára. Bóyá ìwọ fúnra rẹ lò ń mu, tí o ní o máa jáwọ́ lọ́la. Pyo rí àánú, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó wá a, ẹlòmíràn ló sì jìyà pípẹ́ rẹ̀ yẹn. Ta ló ń jìyà pípẹ́ tìrẹ? Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn, kó o ké pe Jésù lónìí, nígbà tí ara ẹni náà ṣì pé.