Ta Ni Mò Ń Bá Ta Ṣẹ́ẹ̀sì?

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. N kò ní fà á láṣọ. Ojú mi ló rí i, etí mi ló gbọ́ ọ, ìyàwó mi náà sì gbọ́. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé oorun ló ń kùn mí.

Ayàwòrán ilé ni mí. Nínú ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ sọ mí ní Kòwúmilórí, nítorí pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe tó ń wú mi lórí. Wọ́n rò pé èébú ni. Èmi gbà á bí oyè. Èèyàn á ṣe iṣẹ́ játijàti tán, á tún dúró máa retí kí a pàtẹ́wọ́ fún òun.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń gbádùn ara mi ni ṣẹ́ẹ̀sì, eré orí pátákó tí ọba méjì ti ń bá ara wọn jagun. N kì í bá èèyàn ta á mọ́. Èèyàn á máa họ orí, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á ní kí n jẹ́ kí òun dá ọmọ padà. Kọ̀ǹpútà ni mò ń bá ta.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Mo pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó mọ ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Ó ní kí òun nu ètò àtijọ́ tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́ kúrò, kí òun fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó fúyẹ́, tí kò tún ní owó nínú. Ó ń sọ̀rọ̀ ètò yìí bí ẹni pé òun ló bí i. Mo ní kó máa bá a lọ. Nígbà tó fi máa ṣe tán, ohùn ẹ̀rọ náà ti kú. Orin kò dún. Fídíò kò dún. Dókítà tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó làágùn. Ó ní òun ń padà bọ̀ wá tún un ṣe. N kò retí rẹ̀.

Áàpù ṣẹ́ẹ̀sì tí mo ti ń lò látijọ́ kò ṣiṣẹ́ lórí ètò tuntun yìí. Mo ní láti wá òmíràn. Ètò náà ní ibì kan tó dà bí ìsọ̀, tí wọ́n to oríṣiríṣi áàpù sí, kí kálukú mú èyí tó wù ú. Ibẹ̀ ni mo lọ.

Kí ni mo bá níbẹ̀? Èyí àkọ́kọ́ ń dán yinrinyinrin, gbogbo ara rẹ̀ kún fún wúrà; n kò rí ibi tí ọba wà nínú ìdán rẹ̀. Èkejì ń yìn mí. Mo sún ọmọ ogun kan síwájú, irú èyí tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè sún, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé mo káre. Ẹni tó bá ń yìn ọ́ pé o mọ ẹsẹ̀ gbé, àpò rẹ ló ń wò. Mo yọ ọ́ dànù. Òmíràn fẹ́ mọ ọjọ́ ìbí mi kó tó gbà kí n ta. Ṣé ìyàwó ló fẹ́ fún mi ni?

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí èyí tó kẹ́yìn. Kò ní àwòrán. Kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí i: Ṣẹ́ẹ̀sì. Mo ṣí i. Pátákó dúdú àti funfun, ó tán. Ibì kan ṣoṣo ni èèyàn ti lè yí nǹkan padà nínú rẹ̀, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní Ẹ̀gàn. Èyí kò jẹ́ tuntun sí mi. Àwọn áàpù ṣẹ́ẹ̀sì tó mọ iṣẹ́ wọn máa ń ní in. Bí o bá ṣe gbé e sókè tó ni áàpù náà ṣe máa fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tó ń bá a ta. Kò ní gba ọ̀mì. Àfi kó ṣẹ́gun.

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo gbé e dé òkè téńté. Mo ní nígbà tó pẹ́ tó yá, mo rí ẹgbẹ́ mi.

Ó yẹ kí n sọ ti ìyá ìyàwó mi níbí. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, yàrá rẹ̀ ló sì kan yàrá iṣẹ́ mi. Àìsàn kan ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń jókòó sórí àga rẹ̀ kó kọjú sí ògiri, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fọhùn. Àwọn dókítà tó kàwé ní ká má retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kó tó ṣàìsàn, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ní ilé ìtura kan. Kò mọ ṣẹ́ẹ̀sì yàtọ̀ sí lúdò. Kò tiẹ̀ fẹ́ràn mi. Lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ ọmọ rẹ̀, ó wò mí láti orí dé àtàǹpàkò, ó wá bi ọmọ rẹ̀ bóyá kò sí ẹlòmíràn. N kò bínú. Ìgbà tó dákẹ́ ni ilé tòrò.

Mo sún ọmọ ogun mi. Ìyàwó mi wà níbi iṣẹ́. Ilé pa lọ́lọ́. Áàpù náà ronú díẹ̀, ó gbé ẹṣin rẹ̀.

Mo gbọ́ kọ̀.

Ìró igi lórí igi ni. Ìró kékeré, gbígbẹ, bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì onígi kalẹ̀. Mo rò pé ohùn ẹ̀rọ náà ti jí. Mo fi orin sí i. Kò dún. Mo tún sún ọmọ kan. Áàpù dáhùn. Kọ̀.

Kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà ló ti ń wá. Ẹ̀yìn ògiri ni. Yàrá Màmá.

Mo dìde lọ wò ó. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Kò sí igi kankan nítòsí rẹ̀. Àga rẹ̀ gan-an, irin ni. Mo pè é. Kò wojú mi. Mo ní eku ni, mo padà sídìí eré mi, mo sì fìdí rẹmi.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni mò ń ta á, ojoojúmọ́ ló sì ń nà mí. Kì í nà mí bí ẹ̀rọ ṣe máa ń na èèyàn, nítorí ẹ̀rọ kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí á fi ayaba rẹ̀, ọmọ tó níyì jù lórí pátákó, sílẹ̀ níwájú mi, bí ẹni ju eegun sí ajá. Bí mo bá ti gbé e báyìí, ó parí. Kọ̀. Ọba mi ti kú.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyàwó mi wà nílé, ó ń ya irun Màmá. Èmi ń ta lọ́dọ̀ tèmi. Mo gbé ọmọ mi tó ń jẹ́ ilé ìṣọ́ síbi tí kò yẹ. Bí mo ṣe ń yọ ọwọ́ ni mo rí àṣìṣe náà. Kí áàpù tó dáhùn, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ògiri. Ohùn àgbà ni. Kò yára, kò sì gbóná.

"Ó ti ṣì í."

Mo gbọ́ tí òòyà bọ́ sílẹ̀. Ìyàwó mi ké sí mi pé Màmá sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bẹ Màmá pé kó tún un sọ. Màmá ń wo ògiri. Ìyàwó mi bi mí pé ta ló ṣi kí ni. Mo ní kí ló kàn mí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀. Mo dán an wò. Bí mo bá ta á re, yàrá kejì á dákẹ́ bí ibojì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọmọ kan sí ẹnu ikú. Mo gbọ́ tí Màmá pòṣé. Òṣé gígùn, irú èyí tí wọ́n fi ń lé adìẹ tó bá wọ ilé ìdáná. Mo fa Ẹ̀gàn wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, ó ti padà sókè. Mo tún fà á wálẹ̀. Ó tún padà.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lẹ́nu Màmá. "Ẹṣin yẹn ò wúlò fún un." "Ó tún gbé e." "Ojúkòkòrò." Ìgbà tí mo bá ń ta nìkan ni, ọ̀rọ̀ tèmi nìkan sì ni. Ìyàwó mi kì í ṣe òpònú. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń wo ọwọ́ mi, ó ń fetí sí ẹ̀yìn ògiri.

"Ṣé ẹ̀yin ni Màmá ń bá wí?"

Láti ọjọ́ náà ó di pé ó ń gbé oúnjẹ tọ̀ mí wá nídìí kọ̀ǹpútà. Á ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún ta ẹyọ kan sí i. Àwòrán ilé àwọn èèyàn wà nílẹ̀ láìyà, àwọn tó gbéṣẹ́ fún mi ń pè, èmi jókòó, mò ń ta, kí ìyá kan lè rí èébú bú mi.

Ìyàwó mi wá ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó ń ta táyà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ rìnrìn àjò wá. Wọ́n kó àga sí yàrá Màmá, wọ́n ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n ń dúró de àṣìṣe mi. Mo gbé ọmọ kan. Màmá sọ ohun tó rí níbẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́táyà ní kí Màmá tún un wí. Ẹni tí kò mọ ọba yàtọ̀ sí ẹṣin ń fi mí rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn ògiri, nínú ilé tí mo fi ọwọ́ mi yà.

Ọwọ́ mi dúró. Eré náà kò tíì parí. N kò sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún ẹnikẹ́ni, n kò tiẹ̀ tíì rò ó tán. Ẹ̀rín wọn ń lọ lọ́wọ́. Ohùn Màmá gba àárín rẹ̀ kọjá.

"Ó fẹ́ yọ ọ́ dànù."

Ẹ̀rín dá. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó mi tó ń sáré bọ̀. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, mo ti yọ áàpù náà dànù.

Kò sí ìró. Kò sí kọ̀. Màmá kò fọhùn mọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sì fọhùn lọ́jọ́ kejì.

A wá áàpù náà títí. Ìsọ̀ wà níbẹ̀, oníwúrà wà níbẹ̀, ẹlẹ́nu dídùn wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ṣófo. Wọ́n pe Dókítà. Ó wá a, ó ní kò sí irú rẹ̀ níbẹ̀ rí, ó sì wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tí ibà ń ṣe. Kó má baà lọ lọ́wọ́ òfo, ó tún ohùn ẹ̀rọ náà ṣe. Orin ké gbàá nínú ilé. Inú rẹ̀ dùn. Mo ní kó máa lọ.

Ìyàwó mi kó ẹrù Màmá sínú mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kó tirẹ̀ náà. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, kò fi ìwọ pè mí rí.

"O rí i pé ìyá mi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n nà ọ́ nínú eré lásán, o sì pa á lẹ́nu mọ́."

Ó wọ mọ́tò. N kò bẹ̀ ẹ́. Èmi kì í bẹ èèyàn.

Ilé tòrò. Mo parí àwọn àwòrán tó wà nílẹ̀. Mo ta ṣẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú ẹlẹ́nu dídùn, mo nà án bí ẹni na òkú, ó ń yìn mí, ó sú mi.

Ìgbà náà ni Ọlọ́táyà pè mí. Kò rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ó ní Màmá ti tún ń sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, lójoojúmọ́, nígbà tí oòrùn bá yẹ̀ lórí. Ó ní Màmá ti yí àga rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ògiri, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. "Ìwọ ló kàn" ló ń wí. Gbogbo wọn ti bi í pé ta ló ń bá wí. Ó ní nǹkan mìíràn tún wà. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Màmá ti di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó dì í gírígírí, bí ẹni tó mú nǹkan dání. Oúnjẹ gan-an, ọwọ́ òsì ló fi ń jẹ ẹ́. Wọ́n fẹ́ tú u wò, ó wo ìyàwó mi lójú, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Mo ní kò kàn mí. Mo pa fóònù.

Ṣùgbọ́n mo lọ sí ìgboro. Mo ra pátákó ṣẹ́ẹ̀sì kan, onígi, tuntun, tí wọ́n fi ọ̀rá dì pinpin. Mo gbé e délé, mo ya ọ̀rá náà fúnra mi. Mo fẹ́ to eré tí mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́sí, nítorí n kò gbàgbé ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà. Funfun, tí í ṣe tèmi, pé. Mo ń to dúdú. Ayaba kò sí níbẹ̀. Mo tú páálí náà, mo wo abẹ́ tábìlì. Mo gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á. Ó wo ọ̀rá tí mo ya, ó ní láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti dì í, ẹnikẹ́ni kò ṣí i rí.

Pátákó náà wà níwájú mi báyìí. Gbogbo ọmọ tó kù ló wà ní ipò wọn, àyè kan ṣófo ní apá dúdú. Ìyàwó mi pè mí lánàá. Kò kí mi. Ó ní ṣé kí àwọn fi tipátipá tú ọwọ́ Màmá.

Mo ní kí wọ́n má tú u, eré náà kò tíì parí.