Gíláàsì Tí Kò Ní Nǹkan Lórí

Kì í ṣe àgbọ́sọ. Dóyin tí ó ṣẹlẹ̀ sí ṣì ń gbé àdúgbò Copperfield ní Calgary, ní Canada, bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, kì í sì í purọ́.

Ìyá rẹ̀ wá kí i níbẹ̀, ibà sì dá ìyá náà wó sí ọsibítù. Dókítà ní kòkòrò ti wọ ẹ̀jẹ̀, pé àfi kí òun mọ irú rẹ̀ kí òun tó mọ oògùn tí yóò pa á. Ilé àyẹ̀wò tí Dóyin ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ náà wá. Wọn kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án, ó ṣáà jẹ́ ti ìyá rẹ̀. Kànmí, àbúrò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ni wọ́n gbé e fún.

Àyẹ̀wò náà kò le. Kànmí á fi díẹ̀ nínú kòkòrò tí wọ́n ti mú hù láti inú ẹ̀jẹ̀ náà sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, á kán omi oògùn tí wọ́n ń pè ní hydrogen peroxide lé e. Bí ó bá hó bí ọṣẹ, ẹbí kòkòrò kan ni. Bí kò bá hó, ẹbí mìíràn ni. Wọ́n á tún kán an sórí gíláàsì tí kò ní nǹkan lórí, kí wọ́n lè rí i pé omi náà kò hó fúnra rẹ̀; ìyẹn kò gbọdọ̀ hó. Èyí ni wọ́n gbà kí Dóyin ṣe.

Ọ̀sán ni. Snow ń bọ́ lóde. Fíríìjì tí ó máa ń kùn dákẹ́.

"Dóyin."

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohùn náà ti wá. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń kìlọ̀ fún un pé bí kò bá rí ẹni tí ó pè é, kò gbọdọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà ní ọsibítù.

"Sà," ni ó wí.

Ó ti sọ ọ́ tán kí ó tó rántí ẹni tí ó ni ohùn náà. Bàbá rẹ̀ ni, tí wọ́n ti sin sí Ìjẹ̀bú-Igbó tipẹ́tipẹ́.

"Ta lẹ ń dá lóhùn?" Kànmí bi í.

Dóyin mú ìgò omi oògùn náà. Wọ́n kán omi náà. Ti ìyá rẹ̀ kò hó. Gíláàsì òfìfo tí Dóyin ń ṣe ni ó hó.

"Aunty, blood ló kàn án jàre. Ẹ mú òmíì."

Òótọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ máa ń mú un hó. Dóyin wá ẹ̀jẹ̀ lórí gíláàsì náà títí, kò rí. Ó mú gíláàsì tuntun, ó kán omi náà sí i. Ó tún hó, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń mí. Kànmí gba ìgò náà, ó fúnra rẹ̀ kán an sórí gíláàsì òfìfo mìíràn. Kò hó rárá.

Wọ́n fi èsì Kànmí ránṣẹ́. Oògùn sì jẹ́. Kò pẹ́ tí ìyá fi jókòó, tí ó ń bèèrè ẹ̀kọ. Dóyin dì í mú lọ́wọ́, ó ń sunkún ayọ̀.

"Bàbá ẹ wá," ni ìyá wí. "Mo ti ń wá bàtà mi kí n lè bá wọn lọ. Wọ́n ní kí n padà, pé ẹnìkan ti dá àwọn lóhùn."

"Ta ni, Mà?"

"Wọn ò sọ. Kí ló dé tí ọwọ́ ẹ tutù báyìí?"

Dóyin ní òtútù ìta ni. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó kì í bọ àpò.