Ta Ló Jí Kókó Tanímọ̀la Gbé?

Ìgò ni wọ́n jí. Ẹran ló wà nínú rẹ̀, ẹran tí kò tó ìka ọmọdé, tí Dókítà Àìṣát, oníṣègùn ẹranko, gé lára ọmú ajá. Àwọn ọlọ́pàá Sáńgo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọlábánjí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa ìyá tó bí i.

Tanímọ̀la lorúkọ ajá náà, ilé iṣẹ́ onírin kan ló ń ṣọ́. Wọ́n fẹ́ yẹ àwọn àmì jíìnì, àbùdá àjogúnbá, inú kókó ọmú rẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ náà yóò tàn ká ara tàbí kò ní tàn.

"Bí kò bá ní tàn, máníjà ilé iṣẹ́ náà ní ká ṣe iṣẹ́ abẹ fún un," ni dókítà wí. "Bí yóò bá tàn, abẹ́rẹ́ ikú. Bí èsì ò bá sì dé títí di Jímọ̀, abẹ́rẹ́ náà ni. Ó ní òun ò ní dúró ká tún gé ẹran mìíràn."

Àwọn mẹ́ta ló sún mọ́ fíríìjì dókítà, níbi tí ìgò náà wà, lọ́jọ́ náà: Rose nọ́ọ̀sì, Cornelius tó ta ajá náà, àti Bàbá Kàdírì, ọlọ́dẹ tó ń tọ́jú rẹ̀.

Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran inú ìgò bàjẹ́ ti dà sílẹ̀ níwájú fíríìjì, ó sì dájú pé ó kan olè lọ́wọ́. Erùpẹ̀ pupa wà nínú básíà ìfọwọ́. Ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbẹ táútáú. Ìkòkò òdòdó ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti bu erùpẹ̀ náà.

"Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣépè fún ẹni tó dà á síbẹ̀," ni Rose wí. "Jésù ló kó mi yọ."

Ọlábánjí bá Cornelius nílùú Àtàn, láàárín àwọn ọmọ tí Tanímọ̀la bí.

"Bí àyẹ̀wò bá ní àjogúnbá ni àìsàn yìí, ta ni yóò ra ìwọ̀nyí?"

"Òótọ́ ni, ọ̀gá, àyẹ̀wò yẹn ò dùn mọ́ mi. Àmọ́ èmi kọ́." Ọmọ ajá kan ń lá a lẹ́nu bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò tilẹ̀ nu ẹnu.

Ní géètì ilé iṣẹ́, Bàbá Kàdírì ń fi ọwọ́ bọ́ Tanímọ̀la. Nígbà tó rí àlejò, ó bu erùpẹ̀ nínú agolo kan, ó fi ra ọwọ́, ó ṣàn án, kó tó gbé àga wá.

"Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe?"

"Bí mo bá ti fọwọ́ kan ajá ni. Mo ní ìrun láti kí."

"Ọṣẹ ńkọ́?"

"Erùpẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa nílé kéú."

"Bàbá, erùpẹ̀ wà nínú básíà dókítà."

Bàbá jókòó.

"Èmi ni. Rose àti Cornelius ń jiyàn níta, mo bá ki ìgò náà bọ àpò. Máníjà sọ fún mi pé bí ìwé èsì yẹn bá burú, wọn á pa á. Mo ní bí ò bá ti sí ìwé, ikú ò sí. Ìyàwó mi ti kú, ọ̀gá. Àwọn ọmọ mi kì í wá. Òun nìkan ló kù tí mo ń bá sọ̀rọ̀."

Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni ìgò náà wà. Ooru ti ba ẹran inú rẹ̀ jẹ́.

Ibi tí Bàbá fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Dókítà bẹ máníjà, Ọlábánjí bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Jímọ̀ pé.

"Dókítà," ni Bàbá wí, orí ajá wà lórí itan rẹ̀, "kí ni ìwé náà ìbá sọ?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. A ò lè mọ̀ mọ́ láé."

Ó gún ajá náà ní abẹ́rẹ́. Tanímọ̀la mí kanlẹ̀, ó dákẹ́.

Wọ́n pe ìrun. Agolo erùpẹ̀ wà nítòsí, omi wà nínú kẹ́tùlù. Bàbá jókòó síbẹ̀, kò wẹ ọwọ́.