Àmì Iwájú Orúkọ Mùsílíù

Nínú ìwé, Mùsílíù Àmọ̀dá wà nínú oòrùn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àmì sì wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá àádọ́ta ìṣẹ́jú, Toyibat tó máa ń di òróró sínú páálí wọ sítóò, ó sì bá Mùsílíù nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn àwọn àgbá òróró, tí ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ ti ṣàn dé ìdí ògiri. Igbe tí obìnrin náà ké, àwọn onímọ́tò tó ń kọjá lójú títì gbọ́ ọ.

Mùsílíù ṣì ń mí nígbà tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù kan nítòsí Ṣàngó Toll Gate.

Inspẹ́kítọ̀ Ṣùkúrát Ògúndèjì dé ilé iṣẹ́ òróró náà kí aago méjìlá tó lù. Obìnrin kúkurú ni, kì í pariwo, kì í sì í tìtorí pé ẹnì kan lówó kó rẹ́rìn-ín sí i. Ó dúró ní sítóò fún ìgbà pípẹ́, ó ń wo ilẹ̀. Irin tó yọ lára àtẹ ẹrù ni orí ọkùnrin náà gbá. Ẹ̀jẹ̀ ti dì. Toyibat sọ fún un pé etí ẹ̀jẹ̀ náà ti gbẹ kí òun tó débẹ̀. Ọgbọ̀n àgbá òróró ló tò síbẹ̀. Méjìdínlógún ní bébà pupa lára, méjìlá yòókù kò ní nǹkan kan.

Ọ̀gá Dúrójaiyé tó ni ilé iṣẹ́ náà gbà á lálejò lọ́fíìsì rẹ̀.

"Dríìlì iná la ṣe láàárọ̀, Inspẹ́kítọ̀, ìdánrawò bí a ṣe máa sá jáde tí iná bá ṣẹ́. Àwọn tó ń fúnni níwèé ẹ̀rí ìlànà àgbáyé ń bọ̀ wá yẹ̀ wá wò lọ́jọ́ Ajé. Máníjà wa tó ń rí sí ìlànà, Ẹfúnkẹ́ Oyèbọ́lá, ló ṣètò ẹ̀. Fèrè dún laago mẹ́wàá, gbogbo wa jáde sí pápá. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án la fi pé, ẹni mẹ́rìnlélọ́gọ́rin nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. A pàtẹ́wọ́. Mo bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n mu mínírà. Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ ká tó wọlé padà."

"Ta ni kò sí níbi ọ̀rọ̀ yín?"

"Ẹnì kan ṣoṣo." Ó gbójú kúrò. "Ẹfúnkẹ́ ni. Ó ní òun fẹ́ lọ kọ ìròyìn dríìlì. Ọ́fíìsì ẹ̀ ló sì kángun sí sítóò. Lánàá yìí, ojú gbogbo wa ló ti jágbe mọ́ Mùsílíù."

Akíndé, súpáfáísọ̀ sítóò, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Èéfín òtútù ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ amúlétutù, síbẹ̀ ó dé akoto iṣẹ́ rẹ̀ ṣánṣán.

"Èmi ni mo ka àwọn tèmi, mà. Mùsílíù wà láàyè laago mẹ́wàá kọjá mẹ́sàn-án. Ìwé ẹ̀ nìyí. Látìgbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ni mo wà, mi ò ṣísẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ọmọ ò tíì kú o, Ọ̀gbẹ́ni Akíndé," ni inspẹ́kítọ̀ wí. Akíndé ní inú òun dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ kò fi ìdùnnú kankan hàn.

Ọlọ́pàá méjì ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn Ẹfúnkẹ́. Ìyá Ìlànà làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tí kì í béèrè ìwé rẹ̀: ìwé àkàbà, ìwé àyẹ̀wò òróró, ìwé ẹni tó gbálẹ̀. Ó ń to àwọn ìwé orí tábìlì rẹ̀ nígbà tí inspẹ́kítọ̀ jókòó síwájú rẹ̀.

"Kí lẹ bá Mùsílíù jà lé lórí?"

"Ọgbọ̀n àgbá yẹn ló kùnà àyẹ̀wò, mà. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Èmi fúnra mi ni mo lẹ bébà pupa mọ́ ọn kí wọ́n má baà kó o jáde. Lánàá, mo bá ọ̀kan nílẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ padà. Mùsílíù ló ń ṣọ́ sítóò, mo bá bú u. Ó ní òun kọ́. Mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ẹ̀ tán." Omi lé ròrò sí i lójú. "Inspẹ́kítọ̀, mi ò fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi wà níléèwé ní Joju, aago méjì ni wọ́n ń jáde. Tí ẹ bá tì mí mọ́lé, ta ló máa lọ mú un?"

Inspẹ́kítọ̀ ṣí ìwé kékeré rẹ̀. "Bí ẹnì kan bá dín nínú ìwé dríìlì, kí ni ìlànà yín sọ?"

"Kò sí àtẹ́wọ́ nìyẹn, mà. Àwọn mẹ́rin kan wà tí mo ti kọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa wọlé, wọ́n á wá ẹni náà láti yàrá dé yàrá."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ka orí wọn?"

"Àwọn súpáfáísọ̀ ló ń kà. Èmi ń gba ìwé lọ́wọ́ wọn ni."

Fóònù inspẹ́kítọ̀ dún. Dókítà ni. Mùsílíù ti kú. Dókítà tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, inspẹ́kítọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ̀, kò sì kà á fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Ọ̀gá Dúrójaiyé gbọ́ pé ó ti di ọ̀rọ̀ ikú, ó ní kí wọ́n kúkú máa mú Ẹfúnkẹ́ lọ kí ilé iṣẹ́ lè ráyè múra sílẹ̀ de ọjọ́ Ajé. Ọ̀rọ̀ náà bí inspẹ́kítọ̀ nínú. Ó ní kí wọ́n pe Fàlílù wá, ẹni tó ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù ní sítóò.

Fàlílù jókòó sétí àga bí ẹni tó fẹ́ sá. "Mà, èmi ò sọ pé mo rí nǹkan, mi ò sì sọ pé mi ò rí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí."

"Ta ló mu mínírà Mùsílíù?"

Fàlílù ya ẹnu. "Ta ló sọ fún yín? Èmi ni, mà. Wọ́n gbé mínírà wá bó ṣe wà níwèé, tiwa ṣẹ́ ku ọ̀kan. Mo ní kí n bá a fi pa mọ́ ni o. Òùngbẹ ló dé, wàláhì."

"Ìyẹn ni pé kò wá gbà á. Ṣé o rí i ní pápá rárá?"

"Mi ò rí i. Mo rò pé ó wà lápá ibòmíì, èrò pọ̀."

"Nígbà tí Akíndé ń kà yín ńkọ́?"

"Ó kà wá lẹ́ẹ̀kan, ó ní Toyibat ò tíì dé, kí n sáré lọ pè é. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló wà. Àwọn méjì yòókù ń ya fọ́tò ara wọn, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń ka àwọn. Bí a ṣe dé ló máàkì Toyibat, ó sì gbé ìwé fún Màdáàmù Ẹfúnkẹ́."

Inspẹ́kítọ̀ dìde. Ó ní kí gbogbo ilé iṣẹ́ padà sí pápá, kí oníkálukú dúró síbi tó dúró sí láàárọ̀. Oòrùn mú gan-an. Kò sẹ́ni tó rojọ́, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Akíndé, tún àwọn èèyàn rẹ kà."

Akíndé gba ìwé. Ó pe Fàlílù, ó pe Toyibat, ó pe àwọn méjì yòókù. Bírò rẹ̀ dúró. "Mùsílíù ò sí, mà."

"Láàárọ̀ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà nu ojú. "Kí n má purọ́ fún yín, mà. Mi ò wojú ẹnikẹ́ni láàárọ̀. Bí gbogbo wa ti ń ṣe é nìyẹn. Ìwé Màdáàmù ti pọ̀ jù, a kàn ń máàkì ẹ̀ látòkè délẹ̀ ni."

Àwọn súpáfáísọ̀ mìíràn dorí kodò, nítorí òótọ́ ni fún tiwọn.

"Irọ́ dáadáa nìyẹn," ni inspẹ́kítọ̀ wí. "Àmọ́ ẹni tí kò wojú ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ pé Toyibat ò tíì dé. O kà wọ́n ní kíkà. O rí i pé Toyibat ò sí, o rán Fàlílù sí i. O rí i pé Mùsílíù náà ò sí, o ò rán ẹnikẹ́ni. O sàmì sí i bí ẹni tó wà níbẹ̀."

"Kí ni máa fìyẹn ṣe?"

"Bó o bá kọ ọ́ pé kò sí, wọ́n á wọlé lọ wá a, wọ́n á sì bi ọ́ léèrè ibi tó o wà nígbà tí fèrè dún. Àmọ́ tí ìwé bá ní ó wà ní pápá laago mẹ́wàá kọjá mẹ́sàn-án, ìwọ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá lójú gbogbo ayé nìyẹn, Ẹfúnkẹ́ nìkan ló wà nínú ilé. Àmì yẹn lo fi gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ kà á lórí. Ẹ̀jẹ̀ tí Toyibat bá nílẹ̀ ti gbẹ létí, Akíndé. Kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ ló ti ń dà. Bọ́ akoto rẹ."

Akíndé fi ọwọ́ méjèèjì di akoto náà mú.

"Látìgbà tí mo ti dé, kò sẹ́ni tó dé akoto nínú ọ́fíìsì tútù yẹn àfi ìwọ. Bọ́ ọ."

Ọlọ́pàá kan nawọ́ ṣí i kúrò lórí rẹ̀. Bébà pupa já bọ́ sílẹ̀ láti inú rẹ̀, méjìlá, gbogbo ẹ̀ ti rún. Ẹfúnkẹ́ pariwo, "Yéè!"

Akíndé nawọ́ sí Ọ̀gá Dúrójaiyé. "Ọ̀gá ló ṣèlérí pé tí a bá yege lọ́jọ́ Ajé, èmi ni máníjà. Tí wọ́n bá rí ọgbọ̀n àgbá tó bàjẹ́ ní sítóò mi, ó parí nìyẹn. Mo kàn fẹ́ yọ bébà wọ̀nyẹn nígbà tí gbogbo èèyàn wà níta ni. Mùsílíù padà wọlé, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Mo tì í. Mo tì í lásán ni! Mo rí ẹ̀jẹ̀, mo rò pé ó ti kú. Inspẹ́kítọ̀, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé títì lásán ni wọ́n ń pè ní ìpànìyàn?"

Inspẹ́kítọ̀ ṣí ìwé kékeré rẹ̀, ó sì ka ọ̀rọ̀ dókítà sókè kí gbogbo pápá lè gbọ́. "Dókítà ní orí ẹ̀ ò fọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dà fún ohun tó lé ní ogójì ìṣẹ́jú ló pa á. Ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e dé ni, òun ì bá rán ojú ọgbẹ́ yẹn, Mùsílíù ì bá sì padà sílé."

Akíndé gbójú sókè. "Ṣé... nígbà tí mo sàmì yẹn, ó ṣì wà láàyè?"

Kì í ṣe inspẹ́kítọ̀ ló dáhùn. Ẹfúnkẹ́ ló jáde láàárín èrò, omijé ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà.

"Ó wà láàyè. Nígbà tó o gbé ìwé fún mi, ó wà láàyè. Nígbà tí mo ní ẹ kú iṣẹ́, tí gbogbo wa pàtẹ́wọ́, ó wà láàyè. Àwọn mẹ́rin tí mo kọ́ dúró síbí, wọ́n ń mu mínírà, ó ṣì ń mí nínú ilé níbẹ̀ yẹn. Ìwé ni mo kà, Akíndé. Mi ò ka èèyàn."

Akíndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ gbígbóná náà, ó ń bẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó ní kó dìde.