Ẹni Tó Fẹ́ Lé Àlejò Odigbo

Orin ìdúpẹ́ ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tí olè wọ ilé àlejò Màmá Ọládùnní ní Odigbo. Ọjọ́ àwọn ọkùnrin ìjọ ni. Gbogbo wọn ló wọ aṣọ funfun, àwọn tí aṣọ wọn kò funfun tó sì rọra jókòó sẹ́yìn. Màmá àti àlejò rẹ̀ wà níwájú. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde, tí wọ́n dé ilé tó wà ní ìtòsí ṣọ́ọ̀ṣì náà, olè ti fọ́ ilẹ̀kùn yàrá àlejò, ó ti da ẹrù rẹ̀ síta, èèpo ọta ìbọn mẹ́ta sì wà nílẹ̀ níbi tí ojú kò ti lè fò wọ́n.

Màdáámù Joslin ni orúkọ àlejò náà. Obìnrin aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni, láti Tírínídáàdì, erékùṣù kan lókè òkun tí àwọn náà ti ń gbin kòkó tipẹ́. Ṣokoléètì ló ń ṣe tà. Ó wá wo kòkó Odigbo, ó sì fẹ́ràn ohun tó rí débi pé ó fẹ́ ra ilé Màmá, kí ó tún un ṣe, kí àwọn èèyàn láti ibi gbogbo lè máa wá wò ó bí kòkó ṣe ń di ohun dídùn. Wọ́n ti jọ fẹnu kò pé Màmá á máa gbé inú ilé náà títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, òun náà ni yóò sì máa gba àwọn àlejò. Olóògbé ọkọ Màmá ló kọ́ ọ. Òrùlé rẹ̀ ti ń jò, Màmá kò sì ní agbára àtitún un ṣe. Bí Màdáámù Joslin bá fi ìbẹ̀rù padà sílé, a jẹ́ pé ilé náà máa bọ́ lọ́wọ́ Màmá nìyẹn.

Ìbẹ̀rù sì dé lóòótọ́. Ẹ ṣáà mọ Ore. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Bìní àti èyí tó ń lọ sí Èkó, ibẹ̀ ni èrò wọn ti ń sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan bá sọ nídìí abọ́ ìrẹsì ní Ore lọ́sàn-án, wọ́n á ti fi ata àti iyọ̀ sí i ní Èkó kó tó dalẹ́. Wọ́n ní ajínigbé rẹpẹtẹ ti wọ Odigbo. Wọ́n ní wọ́n ti gbé òyìnbó kan wọ igbó. Pálọ̀ Màmá ni ẹni tí wọ́n ní wọ́n gbé wọ igbó jókòó sí, ó ń mu tíì, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń fi ẹkún pè é láti òkè òkun pé kó máa bọ̀ nílé. Àwọn ará Èkó tó fẹ́ wá lo òpin ọ̀sẹ̀ nílé àlejò náà ránṣẹ́ pé àwọn ò wá mọ́.

Inspẹ́kítọ̀ Ọláyídé ni wọ́n rán wá láti àgọ́ ọlọ́pàá Ore. Obìnrin kúkúrú ni, ó máa ń rìn bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná sílé. Àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá rẹ̀ ní Ago Alaye, owó kòkó ló sì rán an níléèwé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú èèpo ọta ìbọn kan, ó rí i pé ìpatà ti bo ẹnu rẹ̀. Ó wo ògiri, ó wo àjà, kò rí ojú ọta kankan. Ó bi àwọn ará àdúgbò bí wọ́n bá gbọ́ ìró ìbọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

“Báwo la ṣe máa gbọ́ ọ, Madam?” Báyọ̀ ló dá a lóhùn. “Ariwo ìlù àti dùùrù àwọn akọrin wa kúrò ní kékeré.”

Éjẹ́ǹtì ilé ni Báyọ̀. Ore ni wọ́n bí i sí, inú gáréèjì ló dàgbà sí, kò sì sí ilé tó wà fún títà láti Ore dé Agbabu tí kò mọ̀. Òun náà ni ọ́ṣà tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló kọ́kọ́ dé ilé Màmá lẹ́yìn ìsìn, òun ló ń fún àwọn èèyàn lómi, òun náà ló ń pàrọwà fún Màmá. Ó ti ní kí Màmá ta ilé náà fún òun nígbà kan rí, ṣùgbọ́n iye tó dá lé e kò tó ra páànù òrùlé, Màmá sì fi ẹ̀rín lé e lọ.

Inspẹ́kítọ̀ bi Màdáámù Joslin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ohun tó sọnù. Ó ní báàgì kámẹ́rà òun ni, kò sí nǹkan mìíràn. Wọn ò tíì parí ọ̀rọ̀ yẹn tí ariwo fi sọ lẹ́yìnkùlé. Àwọn ọ̀dọ́ ti mú Zubair.

Ó lé ní ogún ọdún tí Zubair ti kúrò ní Ìwó wá dáko kòkó lórí ilẹ̀ ọkọ Màmá. Lẹ́yìn ìkórè ọdọọdún, òun àti Àsíátù ìyàwó rẹ̀, ìyá Toyibat, á gbé kẹ́ẹ̀gì epo àti iṣu wá fún Màmá, wọ́n á dúpẹ́ ilẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ wọn nìyẹn. Màmá á gbà á, á sì sọ ohun kan náà tó máa ń sọ: “Mo gbà á. Èyí tó ń bọ̀ á ju èyí lọ.” Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni Zubair. Kò sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn, oko ló wà, àjòjì sì ni. Ìyẹn ti tó fún àwọn ọ̀dọ́ náà. Inspẹ́kítọ̀ ló já a gbà lọ́wọ́ wọn, ó sì gbé e lọ sí àgọ́ ní Ore kí wọ́n má baà lù ú pa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú un jókòó, ó fún un ní búrẹ́dì àti omi. Ó bi í léèrè ibi tó wà, Zubair sọ pé òun lọ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko ni, òun ò rí ẹnikẹ́ni. Ó bi í bóyá ó mọ ẹni tó lè ṣe é, ó ní òun ò mọ̀. Ọkàn rẹ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ó ń wo ojú fèrèsé ṣáá.

“Kí ló ń dà yín láàmú, Bàbá Toyibat?”

“Kòkó mi ni, ma,” ló wí. “Èyí tí mo fọ́, tí mo bò sí ẹ̀yìnkùlé Màmá. Òní ló yẹ kí n yí i. Bí mi ò bá yí i, á bàjẹ́, kòkó tí àlejò yẹn fẹ́ gbé lọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán ẹnì kan kó lọ yí i. Ẹ lè máa tì mí mọ́lé.”

Inspẹ́kítọ̀ wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní òun fúnra òun lòun máa lọ yí i.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kòkó mọ̀ pé bí wọ́n bá fọ́ ọ, wọ́n á kó hóró rẹ̀ jọ tòun ti omi ara rẹ̀, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè gbóná, kó sì gbó, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n á yí i kí gbogbo rẹ̀ lè gbóná dọ́gba. Inspẹ́kítọ̀ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè níṣojú àwọn tó kóra jọ, ó ṣí ewé, ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì kòkó náà. Apá kan gbóná dáadáa, oòru ń ti inú rẹ̀ jáde. Apá kejì tutù. Ẹnì kan ti ṣí ibẹ̀ rí. Ó walẹ̀ níbẹ̀, ó sì fa báàgì kan yọ. Kámẹ́rà wà nínú rẹ̀, páásípọ́ọ̀tù àlejò pàápàá wà nínú rẹ̀, omi kòkó ti rin gbogbo rẹ̀, ó ń rùn kíkan.

Àwọn èèyàn ní ṣé àwọn ò ti wí. Òkìtì Zubair, ọwọ́ Zubair. Màmá jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé tí òun àti Zubair ń gbé, Àsíátù bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Báyọ̀ mi orí, ó ní àánú Màmá ń ṣe òun, pé bí àlejò bá ti lọ tán, òun á wo ohun tí òun lè ṣe nípa ilé náà.

Màdáámù Joslin di páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ mú, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, nígbà tí òun ń palẹ̀ mọ́ láti lọ, ni òun tó mọ̀ pé kò sí nínú àpótí òun. Òun ti gbàgbé pé inú báàgì kámẹ́rà ni òun fi í sí. Òun ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, àní fún Màmá, nítorí ojú ń ti òun.

Inspẹ́kítọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀. Ó pe Sájẹ́ǹtì Adédoyin tí wọ́n jọ wá, ó ní kó tún gbé ohùn tí gbogbo Ore ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí Wasáàpù láti ọ̀sán ọjọ́ Àìkú jáde. Wọ́n jọ gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ó rìn lọ sọ́dọ̀ Fẹ́mi, alágbàfọ̀ kan ṣoṣo tó wà ní àdúgbò náà, ó bi í bóyá ẹnì kan ti gbé aṣọ funfun wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó jáde, ó gbé ọ̀rá kan dání.

Pálọ̀ Màmá kún ní ìrọ̀lẹ́. Inspẹ́kítọ̀ ti mú Zubair padà, ó sì fi í jókòó sórí àga bí gbogbo àwọn yòókù. Inú àwọn kan kò dùn sí i. Báyọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Bàbá Toyibat,” ni Inspẹ́kítọ̀ wí. “Ó bẹ̀ mí pé kí n wá yí kòkó òun. Ẹni tó bá fi ohun tó jí pa mọ́ sínú òkìtì kòkó, ṣé á bẹ ọlọ́pàá pé kó wá tú u? Yàtọ̀ síyẹn, kò sí oníkòkó tó máa fi kámẹ́rà àti páásípọ́ọ̀tù síbẹ̀. Ó mọ̀ pé ó ń gbóná, ó mọ̀ pé ó ń ṣomi, ó mọ̀ pé wọ́n ń yí i. Ẹni tó fi í síbẹ̀ rò pé tí wọ́n bá ti fi ewé bò ó, ó di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sá a kí wọ́n tó ṣí i. Kì í ṣe ọmọ oko.”

Ó kó èèpo ọta mẹ́ta náà lé orí tábìlì.

“Ọta ìbọn yẹn ti dípatà, kò sì sí ìbọn kankan tó dún. Wọ́n kàn fi wọ́n síbẹ̀ kí ẹ̀rù lè ba àlejò ni. Ohun tí mi ò kọ́kọ́ mọ̀ ni ẹni náà.” Ó ní kí Sájẹ́ǹtì tẹ fóònù. Ohùn kan jáde, ó ń yára sọ̀rọ̀: Ajínigbé ti wọ Odigbo o, wọ́n yìnbọn, wọ́n gbé páásípọ́ọ̀tù obìnrin náà lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá síbí o.

“Ọjọ́ Àìkú lo fi ohùn yìí ránṣẹ́, Báyọ̀, ohùn rẹ kò fara sin. Ẹni tó ni páásípọ́ọ̀tù kò mọ̀ pé ó sọnù títí di àárọ̀ òní. Báwo ni ìwọ ṣe mọ̀?”

Báyọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ṣebí olè tó bá wọ yàrá àlejò, páásípọ́ọ̀tù ló máa kọ́kọ́ mú, òun kàn fi ọgbọ́n orí sọ ọ́ ni.

Inspẹ́kítọ̀ kò bá a jiyàn. Ó tú ọ̀rá yẹn, ó na bùbá funfun kan sókè. Láti ọrùn ọwọ́ ọ̀tún dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ni àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú wà. Àwọn ìyá tó wà nínú pálọ̀ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn.

“O sọ fún Fẹ́mi pé tíì ló dà sí i,” ni Inspẹ́kítọ̀ wí. “Ó ti fọ̀ ọ́, kò lọ. Omi kòkó tútù kì í hàn lára aṣọ. Nígbà tí o padà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó rí nǹkan, ìwọ náà ò rí nǹkan. Ó di ọjọ́ kejì kó tó pọ́n, kò sì sí ọṣẹ tó ń bọ́ ọ. Kò sí ọmọ oníkòkó nínú pálọ̀ yìí tí ìyá rẹ̀ ò nà rí nítorí rẹ̀. Ìwọ nìkan lo ò mọ̀.”

Báyọ̀ wo bùbá náà, ó wo ilẹ̀kùn, ó rí Sájẹ́ǹtì níbẹ̀.

“Mi ò fẹ́ ṣe ẹnikẹ́ni léṣe,” ló wí. “Mo kàn fẹ́ kó lọ ni. Tó bá lọ, kò sí àlejò mìíràn tó máa wá, Màmá á sì ta ilé fún mi. Mo fẹ́ padà wá mú báàgì yẹn, ṣùgbọ́n èrò ò kúrò nílé yìí.”

“Ilé kan lo fẹ́ rà lọ́pọ̀,” ni Inspẹ́kítọ̀ dá a lóhùn, “o wá ba gbogbo ìlú lórúkọ jẹ́.” Ó yíjú sí àwọn yòókù. “Àwa náà ràn án lọ́wọ́. A gbọ́ pé olè jà, a ò bèèrè ẹni tó jà. Ẹni tí kò sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì la wá lọ.”

Bí wọ́n ṣe ń mú Báyọ̀ lọ, Màdáámù Joslin pe àwọn ọmọ rẹ̀. Kò bá wọn jiyàn. Ó yí ojú fóònù sí pálọ̀ kí wọ́n lè rí Màmá, kí wọ́n rí Inspẹ́kítọ̀ tí omi kòkó ṣì wà léèékánná rẹ̀, kí wọ́n sì rí Zubair. Ó ní àwọn tó ń tọ́jú òun nìyí, pé òun ò lọ síbì kankan. Ó fi Yorùbá tí Màmá kọ́ ọ sọ fún Zubair pé, “Ẹ ṣé o.” Inspẹ́kítọ̀ ní òun náà dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá òun tó fi túlààsì mú òun yí kòkó nígbà tí òun fẹ́ máa ṣeré. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní eruku ni.

Nígbà tí èrò túká, Màmá wọ ilé ìdáná lọ. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo rù, ó mú iṣu méjì dání, ó sì rìn lọ sí yàrá ẹ̀yìnkùlé níbi tí ẹrù dídì wà lẹ́nu ọ̀nà. Zubair sáré dìde, ó fẹ́ gbà á lórí rẹ̀. Màmá kọ̀, ó fúnra rẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síwájú wọn.

“Ọdọọdún lẹ̀ ń gbé e wá bá mi,” ló wí. “Ẹ ti tún ilẹ̀ wa ṣe ju bí ọkọ mi ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Lánàá mo wò ó tí wọ́n ń fà yín láṣọ, mi ò la ẹnu mi. Ẹ foríjì mí. Ẹ ṣeun.”

Zubair ló máa ń dúpẹ́, Màmá ló máa ń dáhùn. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Àsíátù jókòó lórí ẹrù náà, ó ti sunkún títí ojú rẹ̀ ti wú. Ó wo epo, ó wo iṣu, ó wo Màmá. Lẹ́yìn náà ó gbọn ìró rẹ̀, ó tún ọrùn ṣe bí onílẹ̀.

“A gbà á, Màmá,” ló wí. “Èyí tó ń bọ̀ á ju èyí lọ.”

Màmá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di ògiri mú. Àsíátù sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹrù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tú u.